Gíláàsì ni mo rò pé mo pààrọ̀

Corolla 2018 tòkunbọ̀ ni mo ń wà. Lẹ́bàá Mòwé, táyà tírélà kan ta òkúta lu gíláàsì iwájú mi. Kí n tó dé Ìbàdàn, ó ti sán dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo wá ẹni tó bá mi pààrọ̀ rẹ̀ ní pọ́ọ́kú. Iná kankan ò tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, mo sanwó, mo ní ẹ ṣé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wàhálà dé. Mo wà láàárín léènì mi gan-an lójú márosẹ̀, níbi tí ìlà funfun ti hàn kedere, ọkọ̀ ń ké pé mo ti ń yà. Sítíárì ń rọra fà sọ́tùn-ún, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fa èèyàn láṣọ. Mo lọ ṣe aláìmẹ́ńtì. Owó náà wọlẹ̀.

Rèwáyà àdúgbò wa ló bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló bá yín pààrọ̀ gíláàsì yìí?" Ó nàka sí kámẹ́rà kékeré tó wà lẹ́yìn díńgí inú ọkọ̀, òun ló ń bá ọkọ̀ wo ìlà léènì àti iwájú ọ̀nà, kó tó ké, kó tó fa sítíárì tàbí kó tó tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Ara gíláàsì ni wọ́n lẹ irin tó gbé e dúró mọ́. Bí ojú rẹ̀ bá fi dígíríì kan péré yẹ̀, tó bá fi máa wo ọgọ́rùn-ún mítà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mítà méjì ṣìnà, ìyẹn bí ìdajì léènì. Kámẹ́rà ò sì kú, ìdí nìyẹn tí iná ò fi tàn.

Ó júwe ibi tí wọ́n ti ń ṣe kàlíbíréṣọ̀n fún mi, ìyẹn títún ojú kámẹ́rà tò kó lè máa wo ibi tó yẹ gan-an. Wọ́n kọ́kọ́ wọn atẹ́gùn táyà, wọ́n ní kí n ṣí búùtù. Àpò garí àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí màámi dì fún mi ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: bí ìdí ọkọ̀ bá wálẹ̀, òkè ni kámẹ́rà á máa wò. Wọ́n so okùn tó ní irin nídìí, bíi ti bíríkìlà, síwájú àti sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, kí wọ́n tó gbé pátákó aláwòrán dúdú àti funfun kalẹ̀ síwájú. Ìwọ̀n yẹn gbà ju wákàtí kan lọ. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ò tó ogún ìṣẹ́jú.

Nítorí náà, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ gíláàsì yín, ẹ bi í bóyá ó lè ṣe kàlíbíréṣọ̀n. Àwọn ọkọ̀ míì wà tó jẹ́ pé orí ìrìn ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìlà ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ hàn dáadáa, títì àdúgbò wa ò sí níbẹ̀. Bówó ò bá tíì sí, ẹ fi bọ́tìnnì orí sítíárì pa ìkìlọ̀ léènì. Èyí tó ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: bẹ́ ẹ pa á lónìí, tẹ́ ẹ bá tún sítáàtì ọkọ̀, á tún tan ara rẹ̀.

Rédà, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ohun tó wà níwájú ṣe jìnnà tó, tún wà lẹ́yìn àmì Toyota níwájú. Ẹ má lọ ra àmì oní-kóróòmù tó ń dán yanranyanran lẹ̀ mọ́ ọn o, kó má baà dí i lójú.

Mo gba Mòwé kọjá lọ́jọ́ kejì. Kò ké, àfi ẹ̀ẹ̀kan tí mo ya léènì láìtan tíráfíkétọ̀. Ìyẹn, ẹ̀bi tèmi ni.