Ọdún tó ń lọ yìí, àti ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ mi

Ọmọkùnrin mọ́kànlá la fi bẹ̀rẹ̀ eré ìtàgé ọjọ́ Sátidé wa lọ́dún yìí, méje ló kù. Méjì ti bá àbúrò bàbá wọn lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀kan wọṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀gá rẹ̀ kì í sì í yọ̀ǹda rẹ̀ ní Sátidé. Ẹnì kẹrin, ọwọ́ mi ló ti bọ́. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ níbí náà la ti ń ṣeré. Àwọn ọmọ tí ilé ìwé lé ni, àwọn tó ń fa igbó, àwọn tó ń bá bàbá wọn wọ̀yá ìjà. Bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kí ló ń ṣe é, "kò sí nǹkan kan" ni yóò wí, á máa wolẹ̀. Gbé agbádá àlòkù wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ní òun ni bàbá onílé tó wá gbowó: ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o. Láti ààfin Ọ̀yọ́ ni ìtàn ti ní alárìnjó bẹ̀rẹ̀, àwọn eégún aláré sì mọ̀ pé ohun tí ojú ò lè sọ, aṣọ á sọ ọ́. Ìwé Augusto Boal, ọ̀gá eré ìtàgé ọmọ ilẹ̀ Brazil, ni mo ti rí ọgbọ́n kejì: kí òǹwòran lè pariwo "ẹ dúró!", kó bọ́ sójú agbo, kó gba ipò òṣèré, kó ṣe é bó ṣe rò pé ó yẹ. Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn "ẹ dúró!" yìí ju eré fúnra rẹ̀ lọ.

Lóṣù karùn-ún, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan ń ṣe bàbá ọ̀mùtí. Ó tú ìgbànú ìdí rẹ̀, ó rọra wé e mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò yára rárá. Ẹ̀rín dá lẹ́nu àwọn yòókù. Orí mi wú, mo ní eré ti dé ibi tó dùn. Ni mo bá ní, "Ó yá, wá ṣe ara rẹ báyìí." Ó ká ìgbànú náà, ó gbé e sórí maṣíìnì mi. Ó ní, "Ẹ ṣé o, bàbá." Ó lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo délé wọn, ìyá rẹ̀ ní ó wà lóko. Lóṣù kẹjọ mo rí i l'Ákẹ̀sán, ó ń ti bárò. Ó kí mi dáadáa, àmọ́ kò dúró.

Látìgbà náà, ẹnì kankan kì í ṣe ara rẹ̀ mọ́ nínú eré wa. Bá a bá ṣe tán, kálukú á bọ́ ẹ̀wù eré, á dárúkọ ara rẹ̀ sókè, àwọn tó kù á dá a lóhùn, ká tó gbé gàrí kalẹ̀. Ó yẹ kí n ti mọ èyí ṣáájú.

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan wá wòran. Ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìyá tó ń ta ata. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá tẹ̀ sí mi létí: "Ṣé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ sí i nìyẹn?" Mi ò fèsì.

Sátidé kejì lọ́dún tuntun la ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní agbádá àlòkù, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́. Bàbá onílé ti fa tiwa ya.