Iná tó kọjú sílẹ̀

Àbúrò kan láti Ìbàdàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Flagstaff níbí, ní Arizona, ló bi mí lálẹ́ yìí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí títì yín dúdú báyìí, àbí wọ́n ti mú iná lọ ni?" Mo ní rárá o, òfin ni, àtọdún 1958 sì ni.

Nígbà yẹn, àwọn oníṣòwò máa ń tan iná ńlá kan sójú ọ̀run láti fi polówó ọjà, á sì máa yí kiri lókè, bẹ́ẹ̀ Lowell Observatory, ilé tí wọ́n ti ń fi awò ńlá wo ìràwọ̀, wà lórí òkè Mars Hill nílùú yìí, níbẹ̀ ni wọ́n ti rí Pluto, ayé kékeré tó jìnnà sí oòrùn, ní 1930, iná yẹn ń dí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ lọ́wọ́, ni ìlú bá fòfin dè é. Ní 1989 wọ́n fi kún un pé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ò gbọ́dọ̀ kọjá. 2001 ni ìlú yìí wá di àkọ́kọ́ lágbàáyé tí wọ́n fún lóyè International Dark Sky City, ìyẹn ìlú tí kò jẹ́ kí iná ba òkùnkùn ojú ọ̀run jẹ́.

Mo mú un lọ sí ilé epo. Wọ́n ti ri gílóòbù wọnú àjà, o ò ní rí i láti òkèèrè rárá, àmọ́ tí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ wàá rí i mú. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú òfin yìí nìyẹn, kò ní kẹ́nikẹ́ni má tanná, ó kàn ní kó má pọ̀ jù, kó kọjú sílẹ̀, kó sì jẹ́ yẹ́lò, torí àwọ̀ búlúù inú iná funfun ló máa ń fọ́n ká jù nínú afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, iná tó ń ta síni lójú ò lé olè, ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an lolè máa dúró sí.

Ìlú tó ju 70,000 èèyàn lọ rèé o, Milky Way, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó nà bí ìkùukùu funfun lójú ọ̀run, ṣì ń hàn níbẹ̀ kedere! Àbúrò yìí gbójú sókè títí, kò sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé nílé, iná solar funfun báláú ni wọ́n ń rì sẹ́bàá títì báyìí, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ibo lojú ẹ̀ máa kọ sí. Ìsinsìnyí tí wọ́n ń rì í gan-an ló yẹ ká béèrè, torí kí wọ́n tó tún padà wá tú gbogbo òpó yẹn, owó ńlá ni.