Ìkòkò aró Màmá àgbà ní Manchester

Oṣù kìíní ni, òtútù ọjọ́ náà sì kọjá bó ṣe yẹ. Mo wọ yàrá tí a ti ń rẹ aṣọ ní yunifásítì, mo wọn omi, mo wọn sódà, mo wọn hydros, mo bu aró sí i bí ìwé ṣe là á kalẹ̀. Mo wá mú ọ̀pá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí ẹni tó ń ro ọkà. Èrò mi ni pé bó bá ṣe pò tó ni yóò ṣe dára tó. Omi tó ti ń pọ́n bí ìyeyè díẹ̀díẹ̀ tún di búlúù lójú mi. Mo ti aṣọ bọ̀ ọ́, mo fà á yọ, mo fi omi ṣàn án, gbogbo aró náà bá omi lọ. Aṣọ mi funfun báláú bí ìgbà tí mo rà á.

Ìyá tó ń bójú tó yàrá náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "O ti ro atẹ́gùn mọ́ ọn." Ó wá ṣàlàyé pé aró kì í dédé yòrò nínú omi bí iyọ̀. Hydros ló máa ń jẹ ọ́síjìn inú omi tán, tó sì ń yí aró padà sí irú èyí tó lè yòrò, tí omi yóò fi rí bí ìyeyè tàbí bí ewé tútù. Ìgbà yẹn ló tó lè wọ inú òwú lọ. Tí aṣọ bá wá jáde síta, atẹ́gùn á kọlù ú, aró á padà di búlúù nínú òwú níbẹ̀, kò sì ní lè jáde mọ́. Ẹni tó bá ro ìkòkò títí ti fún aró ní atẹ́gùn ṣáájú kó tó kan aṣọ.

Mo dákẹ́. Ohun tí ìyá yìí ń sọ, láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń gbọ́ ọ. Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ìkòkò aró rẹ̀ rú. "Ẹ má jí i o," ni yóò máa wí. Ọ̀pá rẹ̀ á rọra gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò wọlé, á rọra gba ibẹ̀ jáde. Tó bá ń ti aṣọ bọ inú rẹ̀, o kò ní gbọ́ kó dún. Ìdérí kì í sì í kúrò lórí ìkòkò láìnídìí. Àwa ọmọdé ka gbogbo rẹ̀ sí èèwọ̀, bíi ti àwọn tó ń bọ Ìyá Mapó, òrìṣà àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́. Ó wá di ìgbà tí mo wọ bàálù, tí mo san owó ilé-ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ìyá mi ní eyín yọ, kí n tó mọ̀ pé màmá mọ ohun tó ń ṣe ní àmọ̀dájú. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Inú mi sì dùn pẹ̀lú.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Kẹ́mta ni Màmá àgbà ti ń rẹ aṣọ, Ìtòkú ni ìyá mi ti ń ta àdìrẹ. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà kí n tó wá síbí fún dígírì kejì lórí ọnà ara aṣọ. Àwọn ẹbí bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ Manchester, tí kì í ṣe London. Mo sọ fún wọn pé ibí ni aṣọ wa ti ń wá nígbà kan rí. Kí aṣọ òyìnbó tó pọ̀ lọ́jà, orí kíjìpá, aṣọ òwú tí a fọwọ́ hun, ni wọ́n ti ń ṣe oníko, àdìrẹ tí a fi okùn so, kíjìpá sì nípọn. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti Manchester ló fún àwọn ìyá wa ní ojú tó tẹ́jú, tí wọ́n fi lè máa fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún, tí kì í jẹ́ kí aró wọ ibi tí wọ́n bá yà, ya ọnà wẹ́wẹ́. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, ọkùnrin kan tó ní ilé iṣẹ́ òwú ní Manchester, Thomas Clegg, àti Henry Venn ti CMS, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nárì ìjọ Áńgílíkà, fi ẹ̀rọ tí a fi ń ya kóró kúrò lára òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Òwú Ẹ̀gbá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, aṣọ funfun wọ ọkọ̀ bọ̀, àwọn obìnrin wa gbà á, wọ́n pa á láró.

Lọ́jọ́ kan wọ́n kó wa lọ sí Quarry Bank ní Styal, ilé iṣẹ́ òwú tí Samuel Greg dá sílẹ̀ ní 1784. Wọ́n tan ẹ̀rọ díẹ̀ fún wa. Ariwo náà wọ inú egungun. Ilé tí àwọn ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń gbé ṣì wà lókè díẹ̀. Wọ́n sọ fún wa láìfi pamọ́ pé ìdílé Greg ní oko ìrèké ní Dominica, àwọn ẹrú ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òwú tí ìlú yìí fi là, ọwọ́ àwọn ẹrú ní Amẹ́ríkà ló ti wá jù. Mo fọwọ́ kan aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ náà, mo sì rántí aṣọ funfun tí màmá máa ń ṣẹ́ sórí orúnkún rẹ̀. N kò lè sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé.

Ní ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, n kò ní parọ́, ó le. Ìwé ìyàwòrán kan kì í pẹ́ kún. O máa ya, o máa lẹ òwú, o máa kọ ìwọ̀n gbogbo ohun tí o fi rẹ aṣọ, tó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn lè mú ìwé rẹ kó sì ṣe ohun kan náà. Wọ́n kọ́ mi bí àwòrán kan ṣe lè máa tún ara rẹ̀ ṣe lórí aṣọ tí ojú kò fi ní rí ibi tó ti so. Ìyẹn wúlò fún mi gan-an. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí mo ní aṣọ ìlú wa ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ní kí n mú ankara wá. Mo fẹ́ràn ankara, ta ni kò fẹ́ aṣọ ẹbí? Ṣùgbọ́n bátíìkì àwọn ará Java, aṣọ tí wọ́n fi ìda ya ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́, ni àwọn ará Netherlands ń fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀, kó tó di pé ó rí ọjà ní ilẹ̀ wa. Vlisco, ilé iṣẹ́ wọn tó ń ṣe é, ti wà ní Helmond láti 1846. Nígbà tí mo wá mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ wá, olùkọ́ náà kọ ọ́ sí abẹ́ iṣẹ́ mi pé ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sí ìwádìí nínú rẹ̀. Mo sunkún sórí ìwé yẹn. Ìwádìí wo ló ju ti obìnrin tó mọ ìgbà tí aró jí àti ìgbà tó sùn?

Mo pinnu pé màá kọ ìwádìí náà sílẹ̀ fún wọn. Mo ra láfún ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Moss Side, mo sì rò ó ní ilé ìdáná tí èèyàn márùn-ún jọ ń lò. Ọmọbìnrin ará India tó ń gbé yàrá kejì bi mí bóyá oúnjẹ alẹ́ ni. Mo fi álọ́ọ̀mù (alum) sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé, mo fi ìyẹ́ ya ọnà sórí aṣọ, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlé-gbóná kó gbẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀kọ ti sán kànkàn bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí kò sán, mo gbé e lọ sínú aró ilé-ìwé, tó gbóná tó ìwọ̀n 50, ẹ̀kọ bá yọ́ sínú omi. Aṣọ di búlúù láìní ọnà kankan.

Mo pe àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, tó ṣì ń rẹ aṣọ.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ̀kọ mi ń yọ́ o."

"Ṣé o gbé aró ka iná ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é nìyẹn."

"Háà! Ìkòkò màmá wa, ṣé o rí iná lábẹ́ rẹ̀ rí? Aró tútù ni o. Tì í bọ̀ ọ́, má jẹ́ kó pẹ́, fà á yọ, fẹ́ ẹ, kó mí. Tún tì í bọ̀ ọ́. Kò sí ìkánjú níbẹ̀."

Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo gbé ẹ̀kọ kúrò nítòsí ẹ̀rọ amúlé-gbóná, mo yà á ní fẹ́lẹ́, mo jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì. Mo po aró tútù, mo fún un lákòókò, mo sì dé e. Ìgbà mẹ́jọ ni mo ti aṣọ náà bọ̀ ọ́. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní, lẹ́yìn náà wàá rí i tí búlúù ń ti etí aṣọ rìn wọ àárín. Gbogbo kíláàsì dúró wò ó. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ìwọ̀n, wákàtí, bí yàrá ṣe tutù tó. Lábẹ́ "ẹni tó kọ́ mi", mo kọ orúkọ Màmá àgbà.

Wákàtí ogún ni físà wa fún wa láyè láti fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ lásìkò ẹ̀kọ́, ilé àwọn àgbàlagbà ni mo sì ti ń ṣe tèmi. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ìhunṣọ ní Burnley nígbà èwe rẹ̀. Ó máa ń la ẹnu sọ̀rọ̀ láìsí ohùn, mo sì kọ́kọ́ rò pé àìsàn ni. Àṣé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ariwo ẹ̀rọ. Ètè ni wọ́n ń wò. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó rí èékánná mi tí aró ti wọ̀ ṣinṣin. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná. Ó ní, "Ọwọ́ iṣẹ́ nìyí." Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tíì kí mi tó bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú yìí.

Ní oṣù kẹrin, mo gba àyè láti wo àwọn aṣọ tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan tọ́jú sínú yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n fa pẹpẹ kan jáde, àdìrẹ ẹlẹ́kọ sì wà níbẹ̀, búlúù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, abala méjì tí wọ́n rán pọ̀ bí wọ́n ṣe ń rán ìró, àwọn òpó gbọ̀ngàn Mapó ti Ìbàdàn nínú rẹ̀: ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ni. Lórí ìwé tí wọ́n so mọ́ ọn, orúkọ òyìnbó tó fi ta wọ́n lọ́rẹ wà níbẹ̀, Nàìjíríà wà níbẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀. Orúkọ obìnrin tó yà á kò sí. Mo wo etí aṣọ náà, mo sì rí àmì kékeré kan, ìlà méjì àti ẹ̀kán mẹ́ta. Ara mi bù máṣọ. Nílé wa, gbogbo ìyá tó bá ya ẹ̀kọ ló ní àmì tirẹ̀ tó ń fi sí etí, kí aláró má baà gbé aṣọ ẹnìkan fún ẹlòmíràn. Obìnrin náà ti buwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀, kò kàn sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà níbẹ̀ ni. Mo sọ fún àwọn tó ń bójú tó o, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi jẹ́ ìró mẹ́rin. Ní etí ọ̀kọ̀ọ̀kan mo fi ẹ̀kọ ya àmì Màmá àgbà, ẹsẹ̀ ẹyẹ, mo sì ya tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí a pàtẹ iṣẹ́, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ó pẹ́ kó tó pè mí.

"Ta ló fi ẹsẹ̀ ẹyẹ síbẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

Mo ń gbọ́ ìró ọjà Ìtòkú lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan ń ná ọjà. Ó dákẹ́ títí, mo rò pé ìlà ti já.

"Apá òsì ni tirẹ̀ máa ń tẹ̀ sí díẹ̀," ni ó wí. "Tún un ṣe."