Ọwọ́ Ìyá Mi

“Fá gbogbo ìdọ̀tí yìí kúrò.” Ohun tí olùkọ́ mi sọ nìyẹn lọ́jọ́ Tuesday, nígbà tó dé ìdí tábìlì mi níbi tí a ti ń kọ́ títẹ àwòrán àti fífi òwú rán ìwé pọ̀ ní London níbí. Ìdọ̀tí tó ń wí ni àmì orí àti ìdí lẹ́tà. ỌWỌ́ ÌYÁ MI ni mo fín sára lino, ohun pẹlẹbẹ tí a ń fi ọ̀bẹ fín ká tó fi tẹ àwòrán, fún ẹ̀yìn ìwé kékeré tí mo fẹ́ ṣe nípa màmá mi tó ń mọ ìkòkò ní Òkèlele, ní Ìlọrin.

Mo mọ ohun tó rí. Ibi tí ọ̀bẹ kò bá kàn ni tàdáwà ń gbà, èérún tó bá ṣẹ́kù á sì yọ lórí bébà bí ẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe èérún. Nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé nílé ẹ̀kọ́ wa, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Bẹ́ẹ̀, láti 1859 ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá ní Abẹ́òkúta! Ìdí tí mo fi fín in fúnra mi nìyẹn. Òdì la sì ń fín in: àmì ohùn òkè á dà bí ti ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á dà bí ti òkè. Alẹ́ méjì ni mo fi ń wo dígí kí n má baà ṣì í.

Nílé kéú wa ní Pàkátà, lẹ́tà Lárúbáwá tó ń jẹ́ báù ní tóótó kan lábẹ́, táù ní méjì lórí. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan lórí wàláà, ẹ mọ ohun tí ojú rẹ̀ á rí lọ́wọ́ Àfáà. Ọwọ́ ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìlà níbẹ̀, ni fífín òdì kò fi ṣòro fún mi bíi ti àwọn tó kù.

Mo fá a. Mo tẹ ẹyọ kan, mo yà á, mo fi ránṣẹ́ sí màmá lórí WhatsApp: OWO IYA MI.

Alẹ́ ni wọ́n pè.

“Àṣàkẹ́.”

“Mà.”

“Owó tí ò ń fi ránṣẹ́ sílé, ṣé owó ìyà ni?”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. Láti aago márùn-ún ìdájí ni mo ti ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì kí n tó lọ kàwé. N kò sọ fún wọn rí.

“Ọwọ́ ni mo kọ, Mà. Ọwọ́ yín.”

“Àmì rẹ̀ dà?” Ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n kà.

Mo ti ń fín òmíràn láti àná. Àwọn àmì rẹ̀ ki, wọ́n rí bọ̀rọ̀gídí bíi ṣùkù àgbàdo tí màmá fi ń yí ara ìkòkò tútù. N kò tún ní fi òwú rán ìwé náà pọ̀ mọ́. Ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni màá jẹ́ kó jẹ́, nínú awọ, bíi Kùránì àfọwọ́kọ àwọn àgbà wa. Tí olùkọ́ bá dé ìdí tábìlì mi lọ́jọ́ Monday, màá pè é sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan: ọwọ́, owó, ọ̀wọ̀, òwò.