Ogún Màmá Kámpọ́ọ̀sì

Ọwọ́ mi wà nínú ẹrẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni mo wà, mò ń hú agogo idẹ mẹ́ta tí mo ti rì mọ́lẹ̀ láti bí oṣù méjì. Bí ẹ bá fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ pa idẹ tuntun lára, tí ẹ wá rì í sí ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, yóò yọ àwọ̀ ewé, yóò dà bí ohun tí èèyàn jogún lọ́wọ́ baba ńlá rẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ mi ni. Nǹkan àtijọ́ ni mò ń tà ní ìtòsí Kámpọ́ọ̀sì, ní Èkó gan-an, kì í ṣe Lẹ́kí. Mi ò sì í ta ère o. Ìyẹn ní òfin tirẹ̀ láti 1979, àwọn ará mùsíọ́mù Oníkan kì í fi í ṣeré. Tèmi ò ju agogo, àtùpà, áyọ́ọ̀nù eléèédú, àwo àti dígí lọ.

Ẹni tó pè ní, "Ọ̀gá, lọ́yà ni mí o."

Bí lọ́yà bá pe ẹni tó ń ta irú ọjà tí mò ń tà, kì í ṣe ìbùkún ló kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn. Mo ní, "Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi lẹ pè yìí. Wọn ò sí nílé."

Ó ní Màmá Kámpọ́ọ̀sì tí wọ́n dolóògbé lóṣù tó kọjá fi ogún sílẹ̀ fún mi nínú ìwé ìhágún wọn.

Mo ní, "Háà, èmi rèé. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ ni."

Èmi àti Màmá kò tan. Àgùdà ni wọ́n, ọmọ àwọn tó padà dé láti Bàhíà tí wọ́n kọ́ ilé sí Pópó Àgùdà, àwọn ilé tí ọnà ara ògiri wọn dà bí ohun tí wọ́n fi ṣúgà ṣe. Ní gbogbo Gúùdù Fúráìdè, abọ́ frejon wọn kì í yẹ̀ lórí káńtà mi: ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè títí tó fi yọ́, pẹ̀lú ẹja díndín. Bẹ́ẹ̀, ìyá tó ń gbé oúnjẹ fún mi yìí, ìyà ni wọ́n máa ń fi jẹ mí tí wọ́n bá fẹ́ rajà. Bí mo bá pe nǹkan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, wọn á ní ẹgbẹ̀rún kan. Mo bá bọ́ sí mẹ́sàn-án, wọ́n gòkè sí ẹgbẹ̀rún kan àti igba. Wọn á fi ọjà sílẹ̀, wọn á rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọn á dúró kí aládùúgbò, wọn á padà wá jókòó, wọn á béèrè àlàáfíà ìyàwó mi, wọn á wá ní, "Ó dáa, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Ọdún mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi ná mi báyìí.

Kì í sì í dùn mí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Jáńkárà ti kìlọ̀ fún mi: "Oníbàárà tó ń ná ọjà, ọ̀rẹ́ rẹ ni. Èyí tí kò bá ná an, gba ọjà ẹ padà, kó o tún un wò. Ó ti rí ohun tí ìwọ ò rí." Mo gbọ́. Mo tilẹ̀ ti fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ka ìwé, pálọ̀ Màmá kún fọ́fọ́. Ilé bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ. Wúrà bọ́ sọ́wọ́ àkọ́bí wọn obìnrin tó wá láti Súrùlérè. Ẹ̀rọ ìránṣọ di ti ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn. Lọ́yà wá wú ikọ́ díẹ̀, ó kà á: "Àpótí ńlá tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ gbé e fún ọmọkùnrin tó ń ta nǹkan àtijọ́ fún mi. Ó tọ́ sí i."

Pálọ̀ pa rọ́rọ́. Àkọ́bí bọ́ dígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Àbíkẹ́yìn, ọkùnrin gìrìwò kan, yíjú sí mi.

"Kí lẹ̀yin àti Màmá jọ ń ṣe?"

"Ọjà," ni mo dáhùn.

"Ọjà wo?"

Ẹ gbà mí o, ìyá ọdún 84!

Ọkùnrin méjì ló gbé àpótí náà jáde. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, nǹkan kan nínú rẹ̀ dún "wàràn". Gbogbo ẹbí fi etí sílẹ̀. Ẹnì kan ní pọ́ùn ni, ẹnì kejì ní wúrà tí wọ́n kó bọ̀ láti Bàhíà ni. Èmi náà ti ń ṣírò owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi. Àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, kò sí kọ́kọ́rọ́. Lọ́yà bá na àpòòwé kan sí mi. Ìwé kékeré ló wà nínú rẹ̀, ọwọ́ Màmá ni: "Kọ́kọ́rọ́ wà níbi tí o ti kọ́kọ́ purọ́ fún mi."

Àbíkẹ́yìn ló gba ìwé náà, òun ló sì kà á sókè fún gbogbo ilé.

"Níbo lẹ ti kọ́kọ́ purọ́ fún Màmá?" ni àkọ́bí béèrè, wọ́n fi sùúrù béèrè ni.

Mo ní ẹ jẹ́ n ronú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé irọ́ ọdún mọ́kànlá ò ṣeé kà láti ìsàlẹ̀. Mo nawọ́ sí dígí ńlá tó wà lára ògiri. Mo ní mo sọ fún wọn pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá láti ìlú àwọn Potogí. Wọ́n yí dígí náà padà: òfo. Mo nawọ́ sí àga onírọ̀rí pupa, èyí tí mo ní bíṣọ́ọ̀bù kan ti jókòó lé rí. Wọ́n dojú àga dé: òfo. Fìtílà, òfo. Àwòrán ọba, òfo. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà ni mo rí i pé ìjẹ́wọ́ ni mò ń ṣe, lọ́yà sì ti mú bírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni aago ara ògiri dún. Ara mi bù máṣọ. Òjò ló ń rọ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Màmá yà sí ṣọ́ọ̀bù mi kí gèlè wọn má bàa tutù, wọn ò tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti ra nǹkan kan. Èmi ni mo ní, "Màmá, ẹ wo aago ọ̀gákọ̀ ará Jámánì." Ìdúmọ̀tà ni mo ti rà á, pẹ̀lú páálí rẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn aago náà. Kọ́kọ́rọ́ rọ̀ sórí ìṣó nínú rẹ̀, wọ́n fi òwú pupa so ó.

Mo gbé àpótí sórí ọmọlanke. Àbíkẹ́yìn ní òun á sìn mí, kí àwọn ọmọ ìta má baà dá mi lọ́nà. Ohun tó fẹ́ rí ló ń sìn, èmi náà mọ̀.

A ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ìròyìn ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, agogo mi. Lábẹ́ agogo mi, àtùpà mi. Áyọ́ọ̀nù mi tí àkùkọ wà lẹ́nu rẹ̀. Nǹkan méjìlá, gbogbo rẹ̀ ọjà mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi aṣọ wé bí ọmọ tuntun. Àbíkẹ́yìn wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín, ó dìde lọ sílé láìkí mi. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Pópó ti gbọ́.

Mo ní ó lè jẹ́ àpótí gan-an ni ìṣúra. Mo dojú rẹ̀ dé. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù mi ni mo bá nísàlẹ̀, tí mo fi ẹfun kọ. Káfíńtà kan ní Mùṣin ló bá mi kàn án.

Ìwé kékeré ẹlẹ́yìn pupa kan wà nínú rẹ̀ tí Màmá kọ gbogbo rẹ̀ sí. Mo ṣí i:

"Àtùpà. Ó ní ti ayé Lugard. Ó pè é ní 9,000. Mo san 2,200. Lugard ti fi ipò gómìnà sílẹ̀ ní 1919. Iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí àtùpà, náírà 4. Wọn ò tíì bí náírà títí di 1973."

"Agogo. Ó ní ti trámù ni, èyí tó ń gba orí afárá Kátà wọ Èkó láti Ìddó. Ó pè é ní 12,000. Mo san 3,500. Trámù ti dákẹ́ láti 1933. Nọ́ńbà fóònù alágbẹ̀dẹ wà nínú rẹ̀, 080 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2001 ni fóònù bẹ́ẹ̀ dé."

"Ọ̀níní mẹ́fà. Ó pè é ní 6,000. Mo san 700. Mo ná ọ̀níní nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ihò rẹ̀ kì í wọ́. Ti èyí wọ́. Kọ́bọ̀ ayé ìsinsìnyí ló fi ìṣó lu."

Mi ò kà á dé ìdajì. Inú bí mi. Ọkùnrin kan ń ti bárò kọjá, ó ń pariwo "kọ́ńdẹ̀m!" Mo dá a dúró, mo kó gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wọ̀n wọ́n, ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ẹnu mi tó ti mọ́ ọn lára kò jẹ́ kí n dákẹ́: mo ní kó fi nǹkan kún un, pé ti ayé Lugard ni àtùpà yẹn. Ó fi ẹgbẹ̀rún kan kún un.

Lálẹ́, mò ń jẹ ẹ̀bà, ìyàwó mi ń ka ìwé náà, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó dé ojú ìwé ìgbẹ̀yìn, ẹ̀rín dúró.

"Baálé mi, ṣé ẹ ka ibí?"

Ó kà á fún mi: "Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni òótọ́. Ìwọ lo tà á fún mi, o ò mọ̀ ọ́n. Mo dá a padà kí o lè mọ̀ ọ́n kí o tó darúgbó."

Òkèlè há mi lọ́fun. Ìyàwó mi, tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí rí, ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó ní, "Owó méjì méjì ni Màmá ń kọ. Iye tẹ́ ẹ pè é, iye tí wọ́n san. Ẹ wo èyí."

"Àwo eérú sìgá, dúdú. Ó ní 2,000. Mo san 2,000."

Mo rántí ọjọ́ náà. Wọn ò jókòó. Wọn ò béèrè ìyàwó mi. Mo tilẹ̀ rò pé ara wọn ò yá. Èmi ni mo ní kí wọ́n lọ yẹ ìfúnpá wò! Àwo yẹn bá àwọn abọ́ mìíràn wá nínú àpò kan tí mo rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó kúrò nílé ní Yábàá. Ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Àmì kéékèèké wà lẹ́yìn rẹ̀. Fàdákà tí ẹnikẹ́ni ò bá nù a máa dúdú bí ìdí ìkòkò, ọmọ iṣẹ́ mi gan-an mọ ìyẹn. Èmi ń gbọn eérú sìgá sí i.

Mi ò sùn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo ti wà lábẹ́ afárá ní Ìdúmọ̀tà, níbi tí wọ́n ń kó páànù jọ sí. Ọkùnrin mi jókòó sórí táyà. Nǹkan mi mọ́kànlá tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí àpò. Kò dá mi mọ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ wo ọjà gidi," ó ní, ó gbé àtùpà sókè. "Ti ayé Lugard."

Mo ní mo ti gbọ́. Ojú mi ń wá èkejìlá. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà: ó ti fi eérú họ ọ́, ó ń tàn bí ojú ìyàwó tuntun, obì mẹ́rin ló kó sínú rẹ̀.

Mo ṣe bí ẹni pé ojú mi kàn ṣèèṣì débẹ̀ ni. "Eléyìí ńkọ́?"

"Ìyẹn? Mo fẹ́ẹ́ máa fi jẹ obì ni. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá."

Ọwọ́ mi ti wọ àpò. Mo ti ka ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sílẹ̀, mò ń wá márùn-ún tó kù, kí n tó rí i pé kò wo owó náà. Èmi ló ń wò. Ó wo ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n, ó wo àwo. Ó rọra da obì sórí itan rẹ̀, ó yí àwo dojú dé, ó gbé e sókè sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé lábẹ́ afárá.

"Ọ̀gá mi," ó ní, "ẹ ò ná an."

"Mo fẹ́ẹ́ ná an!" ni mo pariwo. "Ẹgbẹ̀rún kan!"

Ó ti fi àwo sábẹ́ itan. Ó kó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mi, ó fi lé mi lọ́wọ́ padà, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kékeré kan sí ọ̀dọ̀ mi kí n jókòó, ó sì na obì kan sí mi.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."