Èmi Ni Mo Ń Jò

Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sí mi níwájú orí. Mo ní àlá ni. Ẹ̀kán kejì bọ́ sínú etí mi òsì, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àlá mọ́, torí kò sí àlá tó máa ń tutù wọ agbárí báyẹn.

Aago méjì òru ni. Òjò ń rọ̀ níta bí ẹni tó ń san gbèsè ọdún mẹ́ta. Èmi àti Ìyá Ṣadé wà nínú tìrélà, Tanímọ̀la, ajá wa, dùbúlẹ̀ sáàárín wa. Kí ẹ má lọ máa ro ọkọ̀ akẹ́rù o. Tìrélà tí mò ń wí yìí, ilé kékeré tó ní táyà méjì ni, mọ́tò la fi ń fà á lọ síbi tí a bá fẹ́ pàgọ́ sí. Ó gùn tó mítà mẹ́ta, kò sì fẹ̀ tó méjì. Bí mo bá na apá ọ̀tún, ògiri ni. Bí mo bá na apá òsì, Ìyá Ṣadé ni mo nà yẹn, òun náà á sì na èmi padà.

Láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń kan irú tìrélà kékeré báyìí ní Amẹ́ríkà. Èyí tó rí roboto níwájú tó wá tín-ín-rín lọ sẹ́yìn, omijé ni wọ́n fi ń pe tiẹ̀. Wọ́n ní torí bó ṣe rí ni. Èmi ò gbà. Ẹni tó fún un lórúkọ yẹn ti sùn nínú rẹ̀ lójò rí ni.

Ohun tó wá ká mi lára jù lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé tìrélà tèmi kò gbọdọ̀ jò. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi múra sílẹ̀ fún òjò. Gbogbo ibi tí páànù ti pàdé páànù ni mo fi gọ́ọ̀mù dí. Mo fi rọ́bà tuntun sí etí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà mo ní kí Ìyá Ṣadé wọlé jókòó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo fa họ́ọ̀sì, mo sì rọ òjò àtọwọ́dá lé e lórí.

"Ṣé ó ń jò?" 

"Kò jò o!"

Mo yí sí ẹ̀yìn. "Níbí ńkọ́?"

"Kò jò!"

Mo gun àkàbà, mo da omi sí àárín òrùlé gan-an. "Ibí ńkọ́?" Kẹ́kẹ́ pa. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Àyà mi já, mo ní omi ti gbé ìyàwó mi lọ, mo sáré ṣílẹ̀kùn. Oorun ló gbé e lọ. Tọ́ọ̀ṣì wà láyà rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ gbẹ táútáú.

Ìyẹn gan-an ló kó sí mi lórí. Kó lè dá mi lójú hán-ún, mo mú tépù, mo fi lẹ etí fèrèsé kékeré tó wà lókè òrùlé pa. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà, mo tì í gbọin. Kòkòrò kan ò lè yọjú wọlé, ká má tíì wá sọ omi.

Ọjọ́ tí a dé ibi tí a fẹ́ pàgọ́ sí, òjò kò jẹ́ ká tíì tú tìrélà kúrò lẹ́yìn mọ́tò kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a fi máa tò ó tán, a ti rin gbingbin. Ẹ̀wù òjò méjì, bàtà òjò méjì, ìbọ̀sẹ̀ tí mi ò mọye, okùn, táwẹ́ẹ̀lì, àti ṣòkòtò jíǹsì mi. Ẹ ò mọ jíǹsì tó bá mumi. Ẹran tútù sàn jù ú lọ. Òwú ni wọ́n fi hun ún, bó bá ti gba omi sára, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́ta kó tó yọ̀ǹda rẹ̀. Tanímọ̀la ní tiẹ̀ ti lọ yíra nínú ẹrẹ̀, ó wá wọlé, ó dúró sáàárín gbùngbùn bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì láti imú dé ìrù. Èyí tí òjò kò rí bá nínú wa, ajá bá a.

Ẹni tó ní ilé tí kò jò, kí ló fẹ́ fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ níta sí? Mo kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Mo ta okùn láti ògiri kan dé èkejì, mo sá ohun gbogbo sí i. Ilé di ìsọ̀ alágbàfọ̀. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò jíǹsì rọ̀ sí ojú Ìyá Ṣadé, ó ń fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń tì kọ́tìnnì kó tó lè bá mi sọ̀rọ̀. Mo wá tan sítóòfù gáàsì tí a fi ń se tíì, mo ní kí ooru rẹ̀ gbẹ wọ́n. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, inú ilé móoru dáadáa, aṣọ ń rú èéfín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo pa iná, mo na ara. Mo gbọ́ bí òjò ṣe ń lu òrùlé tí kò sì rí wa gbé ṣe. Mo fi í rẹ́rìn-ín.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kán omi kẹta, èyí tó bọ́ sí mi lẹ́nu, fi bí mi nínú.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ń jò. Mo rí ẹ̀kán kan lórí òrùlé, mo fi tépù lé e. Mo rí òmíràn nítòsí rẹ̀, mo tún lé e. Mo dórí ẹ̀kẹjọ, ti àkọ́kọ́ já bọ́ lé Tanímọ̀la lórí. Tépù kì í lẹ̀ mọ́ ibi tó tutù.

"Bàbá Ṣadé, kí lẹ ń wá?"

"Ibi tó ń jò ni."

"Níbo ló ń jò?"

"Gbogbo ibi."

Ó dìde jókòó. Ó fi ìka kan ògiri, omi ṣàn wá sílẹ̀. Ó kan abẹ́ fèrèsé. Ó kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí kò tilẹ̀ ní ohun tó dà á pọ̀ mọ́ ìta rárá. Ó ní, "Ẹ wo gíláàsì yìí. Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ lòjò wà àbí inú?" Gíláàsì ti fọ́jú, funfun ni látòkè délẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká sùn, ilẹ̀ á mọ́. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn na ìka, ó kọ̀wé gàdàgbà sójú gíláàsì náà: ṢÍ MI.

Èmi? Kí n ṣí fèrèsé nígbà tí òjò ń rọ̀? Mo yí ojú mi sí ògiri. Ògiri sì nu omi sí mi lójú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá àgbàlagbà kan jáde nínú tìrélà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Tìrélà yẹn ti gbó jù tiwa lọ, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Bàbá mú ife tíì lọ́wọ́, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ. Ìbọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ń wò.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Òjò òní yìí mà pọ̀ o. Tìrélà wa jò títí ilẹ̀ fi mọ́."

Ó yọjú wolé wa. Ó wo okùn, ó wo tépù, ó wo ajá. Ó ní, "Ẹ̀yin mélòó lẹ sùn síbí?"

"Àwa méjì ni, Bàbá. Àti ajá."

"Ẹ ṣí fèrèsé?"

"Rárá o, Bàbá. Gbogbo rẹ̀ ni mo dí."

"Ẹ tan iná?"

"Gáàsì díẹ̀ ni."

Ó fi ife lélẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó ní, "Ọmọ mi, tìrélà kọ́ ló jò. Ìwọ lò ń jò."

Ó ní èémí àti òógùn èèyàn méjì tó bá sùn mọ́jú lè tó ìdajì lítà omi, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò níbi tó máa gbà jáde, ògiri páànù sì tutù torí òjò tó ń lù ú níta, ibẹ̀ ni ìrì ti ń sẹ̀, bí ìgò omi tútù ṣe máa ń làágùn. Aṣọ tí mo sá náà gbẹ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ omi ara wọn kò kúrò nílé, ó kàn kó lọ sórí òrùlé. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ti gáàsì. Ó ní bí kílò kan gáàsì propane bá jóná, omi tó ń tara rẹ̀ jáde ju kílò kan àtààbọ̀ lọ. Mo ní Bàbá ti mú mi ní ọmọdé. Iná ń bí omi? Nígbà tí mo délé mo jókòó ti bírò àti ìwé, mo ṣírò rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé. Kílò 1.6 ló bọ́ sí. Èmi ni mo tanná sábẹ́ òjò tí mo sì ń pè é ní ìyáná.

Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. Ó ní mi ò gbọdọ̀ dán an wò mọ́, pé kí n má fi sítóòfù móoru nínú yàrá tí mo tì pa, torí carbon monoxide, gáàsì olóró tí iná máa ń tú jáde níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá tó, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, oorun tó sì ń fúnni kì í ṣe èyí tí à ń jí nínú rẹ̀. Ó ní kí n dúpẹ́ pé omi ló jí mi. Mo dúpẹ́. Ìyá Ṣadé wò mí, kò sọ nǹkan kan, ìyẹn sì burú ju ọ̀rọ̀ lọ.

Bàbá fi tirẹ̀ hàn wá. Fèrèsé rẹ̀ ṣí ní ìwọ̀n ìka méjì níbi tí afẹ́fẹ́ òjò kò ti fẹ́ sí, ti òkè òrùlé náà ṣí díẹ̀, atẹ́gùn ń ti ìsàlẹ̀ wọlé, ó ń gba òkè jáde pẹ̀lú èémí rẹ̀. Kò sí ohun tutù kan tó ń kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó ta tapólì síwájú ilẹ̀kùn, abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀wù òjò ń gbé, abẹ́ rẹ̀ ni bàtà ń gbé pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí ó wé sínú wọn kó lè fa omi. Ó gbé fóòmù rẹ̀ sókè fún wa rí: pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló tò sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Mo ń mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Kíá ni mo padà lọ ta tapólì tèmi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ yangàn o, ṣùgbọ́n ti Bàbá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tèmi tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì. Mo fa okùn rẹ̀ títí ó fi ń dún.

Ìyá Ṣadé ní, "Ṣé kò yẹ kí apá kan rẹlẹ̀?"

Mo ní, "Wò bó ṣe dára."

Mo gbé àpótí aṣọ gbígbẹ wa, èyí kan ṣoṣo tó kù, jáde sábẹ́ rẹ̀ kó lè gba afẹ́fẹ́. Lọ́sàn-án, òjò tún dé. Fún bí ìdajì wákàtí, mo jókòó lórí àga, ara mi gbẹ, mo juwọ́ sí Bàbá. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé tapólì ti lóyún. Omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà kan péré lórí mítà kan níbùú àti lóòró, kílò mẹ́wàá ni. Tèmi ti kúrò ní sẹ̀ǹtímítà kan. Ìbejì ló wà nínú ibẹ̀, ó ti sún mọ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Bàbá ń pariwo nǹkan kan lókèèrè, ó ń fi ọwọ́ ṣe báyìí, báyìí. Mi ò gbọ́. Mo mú ìgbálẹ̀, mo dúró sábẹ́ ikùn náà gan-an, mo sì fi igi rẹ̀ tì í sókè. Omi kò dà nù. Ó yí lọ sápá ọ̀tún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo tẹ̀ lé e, mo tún tì í. Ó yí padà sápá òsì. Tanímọ̀la, tó ti dùbúlẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ látàárọ̀, dìde, ó wo òkè, ó wo mí, ó rọra rìn lọ sábẹ́ tapólì Bàbá. Orúkọ rẹ̀ ni Tanímọ̀la, ṣùgbọ́n òun mọ̀.

Okùn kan já. Mi ò gbọ́ ìró rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni "ṣùwàààà", lẹ́yìn náà mo rí i pé mo ti jókòó sílẹ̀, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, àpótí aṣọ gbígbẹ sì kún dé ẹnu. Bùbá Ìyá Ṣadé léfòó sókè, ó ń yí po.

A palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ká tapólì tútù náà, mo jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní bí a bá délé ni mo máa sá a. Mo rántí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Fóòmù bu, ìyàwó bú mi. Àmì ohùn kan péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Nígbà tí a tún jáde, fóòmù tuntun wà lórí pákó, àpótí kan wà lẹ́nu ọ̀nà fún ohun tutù, Tanímọ̀la ní táwẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run, òjò kankan kò sí. Òtútù ló wà, òtútù gidi. Mo dúró kí Ìyá Ṣadé sùn, mo wá rọra ti fèrèsé pa. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Nǹkan bí aago méjì, mo lajú. Gíláàsì ti ń fọ́jú díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo ti nu gíláàsì yẹn tó ìgbà mélòó kan láàárín, ṣùgbọ́n ọ̀rá ìka kì í tètè kúrò lójú gíláàsì, èémí nìkan ló ń retí. Bí ìkùukùu náà ṣe ń gòkè ni lẹ́tà ń yọ jáde nínú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, gàdàgbà gàdàgbà, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ìyàwó mi.

Mo wo ẹ̀yìn. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ti fi aṣọ borí, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òtútù.

Mo na ọwọ́, mo ṣí i ní ìka méjì.