Lítà omi kan, kílò kan: ohun tí tánkì òjò wa kọ́ mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó ti kọjá tí tánkì omi òjò wa wó, nítorí náà kí ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí fi orí jì mí bí mo bá ń tún ohun kan náà sọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ni ipò yín kò yàtọ̀ sí tiwa. Omi ẹ̀rọ kì í dé ọ̀dọ̀ yín, tàbí kí ó yọjú lóru lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ gbẹ́ kànga, ẹ kan òkúta kí ẹ tó kan omi. Mẹ́ruwà ń ti kẹ́ẹ̀gì wá, iye tí ó sì ń pè ní òní kọ́ ni yóò pè ní ọ̀la. Ìlú tí wọ́n sọ ní Abẹ́òkúta, kí ni ẹni tí ń gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ fẹ́ bá bí kò ṣe òkúta? Ní apá Ìtòkò tí à ń gbé, òkúta a máa yọrí láàárín àgbàlá bí ẹni pé òun ni ó kọ́kọ́ ra ilẹ̀. Òjò nìkan ni kì í gba owó lọ́wọ́ wa, bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe, a ó máa rí i títí di Ọ̀wàrà, àfi ìsinmi díẹ̀ tí ó máa ń gbà nínú oṣù Ògún.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ó ti di ọdún 17 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé lítà omi kan wọn kílò kan, tí mo sì ń fi í sínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo ra tánkì onílítà 2,000, n kò ṣírò ohunkóhun. Ohun tí mo rí ni ike dúdú kan tí èmi àti Dámọ́lá, ọmọ mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, jọ gbé láti ojú títì wọ inú ọgbà. Ohun tí ọmọdé bá mi gbé, ta ni yóò rò pé igi mẹ́rin kò ní lè gbé e?

Mo fẹ́ kí omi máa ṣàn fúnra rẹ̀ wọ ilé ìdáná àti balùwẹ̀, nítorí náà mo ní kí a gbé tánkì náà lé orí pẹpẹ igi tí ó ga ní mítà kan ààbọ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ tí etí òrùlé sì ga. Igi tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí a kan òrùlé ni mo kó fún káfíńtà. Ó wò wọ́n, ó yí wọn sọ́tùn-ún sósì, ó ní ó wu òun kí a ra igi líle tàbí kí a pe wẹ́dà kí ó fi irin ṣe é. Mo ní kí ó lo èyí tí ó wà nílẹ̀. Ó ní ó dára, yóò gbà á. Kì í ṣe ahun ni mo ṣe o, bí àwọn kan ti ń sọ ní yàrá àwa olùkọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ìtàn náà. Owó tánkì, owó gọ́tà òrùlé àti owó páìpù ti gbé owó oṣù méjì lọ, ọmọ mẹ́ta sì wà nílé tí wọ́n ń lọ sí ilé-ìwé. Ẹni tí kò bá tíì lo àjẹkù igi rí ni kí ó bú mi.

Ohun mìíràn tí ó tàn mí jẹ ni bí òjò ṣe ń yára kún nǹkan. Òrùlé wa gùn ní mítà 12, ó sì fẹ̀ ní mítà 9. Bí òjò mìlímítà kan ṣoṣo bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà kan ni omi rẹ̀. Òjò mìlímítà 20, tí kì í ṣe nǹkan bàbàrà ní ìlú wa nínú oṣù Òkúdù, yóò da lítà 2,160 sórí irú òrùlé wa; bí a bá yọ èyí tí ó ta dànù àti èyí tí ó fo gọ́tà kọjá, yóò ṣẹ́ kù tó lítà 1,700. Òjò ọjọ́ kan péré! Èmi ti rò pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kún, bí ìgbà tí ìyá mi ń pọn omi sínú àmù. Láti oṣù Ẹrẹ́nà títí di Èbìbí, apá kan òrùlé ni mo so mọ́ ọn, a sì ń lo omi náà tán kí ó tó dé ìdajì. Pẹpẹ dúró, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí Òkúdù wọlé, ojúkòkòrò mú mi, mo so apá kejì mọ́ ọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, òjò ńlá rọ̀. Iná ti lọ. Nígbà tí ó fi máa di aago mẹ́sàn-án, a ti ń gbọ́ bí omi ṣe ń ṣàn kọjá ẹnu tánkì tí ó sì ń dà sílẹ̀ yàà. N kò ṣe páìpù tí àkúnwọ́sílẹ̀ yóò gbà lọ. Omi tí ń ṣòfò náà dùn mí. Mo pe Dámọ́lá, mo ní kí ó gbé garawa méjì lọ sí abẹ́ tánkì kí ó fi gbè é. Kí ẹ má gbàgbé pé èmi ni mo rán an.

Ó lọ. Mo mú garawa kẹta kí n tẹ̀lé e, mo sì dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí igi dá. Kì í ṣe ariwo ńlá. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá dá igi ìdáná mọ́ orúnkún. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ mì, omi ya wọ ilé ìdáná, ó sì gbá bàtà náà lọ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo pe Dámọ́lá. Kò dáhùn. Mo tún un pè. Òkùnkùn ni, ariwo òjò bo ohùn mi mọ́lẹ̀, iná orí fóònù mi kò sì ràn ju iwájú ọwọ́ mi lọ. Mo rí pẹpẹ tí ó wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rí ẹsẹ̀ pẹpẹ náà kan tí ó rì sínú ẹrẹ̀, mo rí garawa kan tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. N kò rí ọmọ. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì fa pákó, mo ń pe orúkọ rẹ̀, mo ń pe oríkì rẹ̀, mo ń ṣe ìlérí fún Ọlọ́run, irú ìlérí tí n kò lè tún sọ lójú ènìyàn. Ìṣó ya mí lọ́wọ́, n kò mọ̀. Mo fa pákó kan kúrò, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fa ìyẹn, omi kún ibẹ̀. Ìyàwó mi sọ lẹ́yìn náà pé kò tó ìṣẹ́jú méjì. Kò sí nínú ara mi, kò lè mọ bí ó ti gùn tó.

Ẹ̀yìn mi ni ọmọ wà. Ó ti gbé garawa àkọ́kọ́ kalẹ̀, ó rí i pé èkejì lu nídìí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé yípo padà láti lọ mú òmíràn. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà tí mo gbà jáde, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fa pákó, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí ohùn jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó gbé fìtílà yọ tí ó kígbe pé, "Bàbá Dámọ́lá, ọmọ rèé o!" Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òjò lórí páànù, ọwọ́ mi a máa gbọ̀n.

Tánkì náà kò dúró lọ́dọ̀ wa. Ó yí gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ pẹ̀lú omi tí ó kù nínú rẹ̀, ó wó ògiri ọgbà Bàbá tí ilé wọn wà nísàlẹ̀ tiwa, ó sì já wọ ilé adìẹ wọn. Adìẹ mọ́kànlá ni ó kú. Ibẹ̀ ni tánkì náà là sí méjì. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn nínú òjò náà, tẹrẹ̀tẹrẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn. Bàbá kò bèèrè adìẹ. Wọ́n ní, "Ọmọ ńkọ́?" Mo ní, "Ó wà, Bàbá." Wọ́n tún un bi mí, bí ẹni pé wọn kò gbà mí gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Dìde. Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Agbè fọ́, ó wà ní méjì láàárín àwọn adìẹ wọn, ṣùgbọ́n mo mọ agbè tí Bàbá ń sọ.

Ìyókù kò gùn. A tún ògiri mọ, Bàbá kọ̀ láti gba owó adìẹ, mo yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, mo sì ra tánkì mìíràn.

Ẹ̀kọ́ kan ni ó tóbi nínú gbogbo èyí: omi wúwo. Tánkì onílítà 2,000 tí ó kún jẹ́ kílò 2,000, láìka ike fúnra rẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹ pín in, ogójì àpò ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ to ogójì àpò sìmẹ́ńtì sórí àjẹkù igi òrùlé, kí ẹ sì rán ọmọ yín lọ sí abẹ́ rẹ̀ lóru, ẹ ó bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Onílítà 1,000 jẹ́ ogún àpò. Onílítà 5,000 jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 lásán jẹ́ àpò mẹ́rin. Kí ẹ tó pe káfíńtà tàbí wẹ́dà, ẹ kọ iye àpò náà sórí ìwé, kí ẹ sì kà á sí i létí. Bí èmi bá sọ pé "ogójì àpò" fún káfíńtà tèmi, bóyá kò ní sọ pé yóò gbà á.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ikán ti wọ ẹsẹ̀ pẹpẹ kan láti inú ilẹ̀. A kò kan igi ìdábùú láti fi so àwọn ẹsẹ̀ mọ́ ara wọn. Orí ilẹ̀ lásán ni a gbé wọn lé, láìsí kọnkéré lábẹ́ wọn, omi tí ó kún àkúnya sì ti sọ ilẹ̀ náà di ẹrẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ kan fi rì. Nítorí náà, páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ pọn dandan, kí ó sì gbé omi jìnnà sí ìdí tánkì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ikán àti ẹrẹ̀ mú yín gbàgbé ogójì àpò. Ká ní tánkì náà kò kún ni, ẹsẹ̀ tí ikán jẹ náà ìbá ṣì dúró títí di òní.

Òkúta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tí ó ga dé ìbàdí mi. Láti ọjọ́ tí a ti ra ilẹ̀ ni mo ti ń bú u, nítorí kò jẹ́ kí a rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Orí rẹ̀ ni tánkì wà báyìí. Bíríkìlà fi kọnkéré tẹ́ ojú rẹ̀ kí ó lè dọ́gba. Ó rẹlẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìdajì mítà, omi sì ń rọra wọ balùwẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú òkúta bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà yín, ẹ má fọ́ ọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan wà tí ẹ ti mọ̀. Ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ ṣàn dànù nígbàkúùgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, pàápàá àkọ́rọ̀ tí ó ń fọ ekuru ọyẹ́ àti ìgbẹ́ alángbá kúrò lórí páànù. Lórí òrùlé wa, èmi a máa da tó lítà 100 nù. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu tánkì àti ẹnu páìpù, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, tanwíjí ti di ẹ̀fọn. Ẹ má mu ún láìsè é kí ó hó.

Mo ti gbé ẹnu ẹ̀rọ wọ inú ilé ìdáná, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ìdí láti dúró sídìí tánkì mọ́. Dámọ́lá kò tíì sún mọ́ òkúta náà, n kò sì fi ipá mú un. Bàbá ni wọ́n ní kí n darí páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù àwọn nísàlẹ̀, fún àwọn adìẹ tuntun. Mo bi wọ́n bóyá kí n bá wọn fi búlọ́ọ̀kù gbé dúrọ́ọ̀mù náà sókè díẹ̀. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí n jẹ́ kí ó wà nílẹ̀.